Oògùn Tí Ẹ Dà Sí Gọ́tà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìjókòó ọjà, ẹ kú oòrùn Ọjà'ba tí kì í mojú ẹnikẹ́ni. Mo kí Bàbá wa lórí àga wọn níwájú ilé. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù nísàlẹ̀ Mápó. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi náà, bí ó bá ṣì lójú tó lè fi gba ìkíni mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo kọ èyí sí, tí n kò pè yín lórí fóònù. Màámi, gbangba lẹ ti fẹ̀sùn kan Tóyọ̀sí, ìyàwó Káyọ̀dé. Ẹ dìde láàárín ẹgbẹ́ aládùúrà yín ní Kudeti, ẹ ní Tóyọ̀sí ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọmọ jẹ́ nínú, pé ó rìn lọ́sàn-án gangan láìfi pínnì sí ìró, tí ẹ̀mí burúkú fi ráyè dé ẹ̀yìn ọmọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ṣe àmín. Ohun tí ẹ sọ ní gbangba, n kò lè wá dá yín lóhùn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹ ti kó Tóyọ̀sí àti Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ tí kò lè rìn, lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrunka, ẹ sì ti rí ọmọbìnrin mìíràn fún Káyọ̀dé ní Òkè Padre, ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ẹ ní èmi ni àkọ́bí, èmi ni ọmọ ilé, pé Káyọ̀dé ní ohun tí Àǹtí òun bá sọ lòun yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lẹ ń retí lẹ́nu mi, kí ẹ tó lọ tọrọ ìyàwó. Ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní Glasgow níbí. Òtútù ibí ń wọ egungun. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí oòrùn tó tó sá aṣọ. N kò rẹ́ni bá sọ Yorùbá, mo ti wá ń dá a sọ fún ara mi nínú balùwẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ni mò ń gbá, yàrá tí wọ́n ti ń wo bí ọmọ inú ṣe ń di odidi. Ẹyin adìyẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gé fèrèsé kékeré sí èèpo rẹ̀, wọ́n á máa fi awò wo inú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí i pé mò ń yọjú, ó ní kí n wá wò ó.

Màámi, pẹlẹbẹ ni ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹní tí a tẹ́. Etí méjèèjì á dìde, wọ́n á tẹ̀ síra wọn, wọ́n á pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ó di ihò gígùn bí páìpù. Òkè rẹ̀ ló ń wú di ọpọlọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di okùn tí ọpọlọ fi ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ta síìpù kí ẹ tó bí mi, ó yẹ kó yé yín. Lápá ọrùn ni síìpù yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa pa dé lọ sókè, á máa pa dé lọ sísàlẹ̀. Bí òkè kò bá dé, ọmọ náà kò ní lágbárí, kò sì ní yè. Bí ìsàlẹ̀ kò bá dé, Ìníolúwa nìyẹn. Àwọn dókítà rán ẹ̀yìn rẹ̀ pa lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an.

Mo béèrè iye oṣù tó ń gbà. Obìnrin náà ní ti adìyẹ kò ju bí ọjọ́ méjì lọ. Ti ènìyàn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ó ti parí. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́ pé nǹkan oṣù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹ́ ni, wọn ò tíì fura. Mo gbé ìgbálẹ̀ tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lórí ìka.

Ẹ bá mi kà á. Oyún Tóyọ̀sí ti di oṣù márùn-ún nígbà tí ẹ rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó láìní pínnì. Ó ti tó bí oṣù mẹ́rin tí ẹ̀yìn ọmọ náà ti wà ní ṣíṣí. Oòrùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀mí burúkú kankan kò sí níbẹ̀, àwa la wà níbẹ̀.

Ẹ rántí oògùn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ bá nínú báàgì rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti gbé Tóyọ̀sí wọlé ọkọ nígbà náà, oyún kò tíì dé. Ẹ ní kí ni ẹni tí kò lóyún ń fi oògùn ṣe? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní ṣé kì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló ń lò kó má baà bímọ fún wa. Ẹnu ìsinmi ráńpẹ́ ni mo wà níbi iṣẹ́, búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. N kò ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ohùn ránṣẹ́ padà, mo ní, "Ó jọ ọ́ o, Màámi. Ìyàwó yín gbọ́n jù yín lọ." Ẹ da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé, ẹ ní ta ló ń bá a sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé tó bá a lọ gba oògùn náà dúró síbẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ìjà. Oṣù kejì, ó lóyún, ẹ ní àdúrà gbà.

Lẹ́yìn tí mo ka oṣù tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tó wà lára fọ́tò náà: fólíìkì ni, fítámì tó ń ran síìpù ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé. Nọ́ọ̀sì ló ní kó máa lò ó kí oyún tó dé, nítorí pé bí a bá dúró dìgbà tí ikùn yọ, ó ti pẹ́ jù fún ẹ̀yìn ọmọ. Kò tó owó síìpù kan ní ìsọ̀ yín. Ṣùgbọ́n n kò ní fi irọ́ gún yín lára. Ẹlòmíràn lò ó tí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ kò sì pa dé, ẹlòmíràn kò fẹnu kàn án tí ọmọ rẹ̀ ń sáré kiri. Ó ń dín in kù ni. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá Ìníolúwa ì bá rìn. Èyí ni kí ẹ máa gbé sùn, Màámi. Èmi náà ń gbé e sùn, ojú ń tì mí, inú yín sì ń bí mi. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ gé èyí tí kò ṣẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ pinnu pé rárá ni n ó dá yín lóhùn. Mo wá pe Tóyọ̀sí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ẹ̀rín tí mo rín. Ó pè mí ní Eyínfúnjowó, orúkọ tó fún mi lọ́jọ́ tó dé ilé wa, nítorí pé ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ilé lórí. Mo ní kó padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó ní òun kò ní padà sílé tí wọ́n ti ń tú báàgì ẹni. Ó ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni fún yín, kí Káyọ̀dé fẹ́ ẹni tí ẹ rí. Iṣẹ́ kan péré ló rán mi. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Màámi kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ náà lo fólíìkì rẹ̀ kó tó lóyún."

Nítorí náà, Màámi, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ tọrọ ìyàwó. Ẹ ra oògùn náà fúnra yín, ọwọ́ yín ni kó ti máa gbà á láràárọ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín, kí ojú yín má fọ́, kí etí yín má di, kí ẹ pẹ́ láyé títí Ìníolúwa yóò fi gbọ́n tó ẹni tí í bi yín léèrè oògùn tí ẹ dà sí gọ́tà.

Èmi ni ọmọ yín, tó fìwà jọ yín,
Mojísọ́lá.