Ìwé Tí Ó Sọ Mí Di Àbúrò Ọkọ Mi

Yàrá Kejì, Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2018.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìforúkọsílẹ̀ Ìgbéyàwó àti Ẹbí,
Ilé Ìjọba, Àjà Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ A TÚN ÀKỌSÍLẸ̀ MI ṢE: ÌYÀWÓ NI MÍ, N KÌ Í ṢE ÀBÚRÒ

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, àwa mẹ́ta la jọ wá sí ìlú yìí: ọkọ mi onígbàjámọ̀, ìyálé mi, àti èmi. A ti gbọ́ kí a tó dé pé ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin ibí mọ̀, àti pé ọkùnrin tó bá ní méjì lè fi aṣọ péńpé roko ọba. Nígbà tí akọ̀wé yín béèrè ohun tí mo jẹ́ sí ọkọ mi, ìyálé mi ló dáhùn pé àbúrò ọkọ òun ni mí, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà tẹ̀ka. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi.

Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé àwọn kò rí àbúrò ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó báyìí rí. Bí èmi àti ìyálé mi bá wọlé, a ó rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa.

Ìyálé mi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Òfin ibẹ̀ ni pé ìyàwó tàbí ọkọ aláìsàn nìkan ló lè ti ilẹ̀kùn yàrá. Ẹbí yòókù yóò jókòó lórí àga, ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí, láti aago mẹ́rin sí márùn-ún. Ọdún kan ààbọ̀ nìyí tí mo ti ń jókòó lórí àga náà.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ mi fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún un fà mí, mo sì gbé orí lé àyà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà wọlé. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí èyí mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín mà ni!” N kò bínú sí i, ohun tó wà nínú ìwé ló kà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti sún àga mi sí ẹnu ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wá sí ọ́fíìsì yín láti forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, nítorí ọkọ mi kò ní ìyàwó lórí ìwé mọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó ní òfin kò gbà kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò fẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọkọ mi, síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí. Èmi ni mo máa ń fi òróró wọ́ ẹ̀yìn fún un bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí ìdúró onígbàjámọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn sinmi. Òórùn rẹ̀ ti ń kúrò lára ìrọ̀rí mi. Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ tì í, kí n má sọ nǹkan kan. Mi ò tijú láti sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti bá tèmi. Mo so àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó wa mọ́ ìwé yìí. Ìyálé mi ló dúró láàárín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Bí ẹ̀sùn bá wà, èmi ni kí ẹ fi kàn, nítorí ọkọ mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, dókítà sì ní kí a má ka oṣù púpọ̀. Bí ẹ̀wọ̀n bá wà nínú rẹ̀, n ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ránṣẹ́ pè mí, ẹ dákun, ẹ kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì àgbà pé kó jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn yẹn fún wákàtí kan.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mò ń retí èsì,

Aránṣọ,
Ìyàwó onígbàjámọ̀.