Páànù Orúkọ Yín Ti Kúrò Níwájú Orí Ọkọ̀ Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi Àbẹ̀kẹ́, ní Òkèihò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ìlaròó. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú yín, mo kí gbogbo agbo ilé.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó kà á sókè: èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì kejì, tí mo sùn lábẹ́ tírélà nínú òjò, tí mo ru àpò ìrẹsì ní Ìdí-Ìrókò títí èjìká fi bó, tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ oríkì mi, èmi náà ni mo ní tírélà mẹ́fà lónìí. Ẹ béèrè mi dé Ayétòrò.

Látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, àwọn tá a jọ ń kẹ́rù jókòó, wọ́n ń ta ayò. Èmi kọ́. Mo kó ọkọ̀ mi lọ gbé sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n géètì iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì náà kì í béèrè ìwé. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan la máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Á bá òpó ẹ̀bá ọ̀nà sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, géètì á ṣí. Ohùn wọn ò lọ jìnnà, kò ju bí ẹni ń pe ará ojúlé kejì. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é ti fohùn ṣọ̀kan sórí òfin kan, kí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni bá ṣe lè gbọ́ èdè òpó tí ẹlòmíì rì mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tèmi yadi. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè lẹ́yìn mi. Wọ́n ka páànù tó wà níwájú orí ọkọ̀, ỌMỌ ÀBẸ̀KẸ́, wọ́n ní kí n pe Àbẹ̀kẹ́ kó wá ṣílẹ̀kùn fọ́mọ ẹ̀. Mo bú wọn dáadáa. Ọmọbìnrin ẹnjiníà tó ń bójú tó géètì kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́. Ó ní gíláàsì nìkan ni òfin yẹn gbà láàárín ẹ̀rọ àti òpó, irin máa ń dí i lẹ́nu. Èmi sì ti fi í pamọ́ sẹ́yìn páànù, tó bo òkè gíláàsì níbi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà, kí olè má bàa rí i. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni? Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, òpó náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ó ní ọkọ̀ tí ò bá dá géètì lóhùn títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wáṣẹ́ míì.

Ìyá mi, aṣọ òkè ìgbéyàwó yín lẹ tà kí n fi rówó wọkọ̀ wá síbí. Mo búra pé ohunkóhun tí mo bá ní, orúkọ yín ni yóò wà níwájú orí ẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ wálé, ẹ nàgà títí, ọwọ́ yín ò tó páànù náà.

Mo ti tú páànù náà kúrò lókè gíláàsì àwọn ọkọ̀ mi, kí ẹ̀rọ lè bá òpó sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún yín pé mo ta orúkọ ìyá mi nù. Bọ́ńpà ni mo gbé e sí, láyà ọkọ̀, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ márùn-ún ti kọjá; géètì ń ṣí kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ bíréèkì. Àwọn tó bú mi ti ń bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo ní ọgbọ́n orí ni.

Ẹ óò pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọkọ̀ kẹfà bá ti gba géètì kọjá, èmi fúnra mi ni máa wà á wá sí Òkèihò, dé ẹnu ọ̀nà yín gan-an. Ẹ má nàgà mọ́. Ẹ jókòó sórí àga yín, kẹ́ ẹ sáà nawọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ Àbẹ̀kẹ́.