Àgbò Lèmọ́mù àti Fáìlì Mi Tó Ká Léyín

Abà Àlàó,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Aasiyah Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Igando níbẹ̀ yẹn, ìwọ àti Abigail tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan, àti onílé yín tó kọ òfin mọ́kànlá sára géètì. Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé omi kànga yín ti ń mọ́? Bí o bá ń bèèrè wa, ara wa le koko bí ọmọ ọlọ. Ìyá rẹ Sìdíkátù ń kí ọ, ó ní kí o má máa fi ebi jáde láàárọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn rẹ ká ká ọwọ́ lérí. Àmín.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọkùnrin tó mú lẹ́tà yìí wá, má jẹ́ kó dúró síta. Fún un lómi, se ẹ̀wà tó pọ̀ fún un, kó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, kì í ṣe sórí àpò ìrẹsì tí o fi mí jókòó sí nígbà tí mo wá. Má tíì bi í ní nǹkan kan. Bí o bá ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi ò pè mí. Fóònù tí o rà fún mi dára, mo sì ń fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Lánàá mo tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀ tí mo bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Mo kí ọ, mo dákẹ́ kí o lè dáhùn, o ò dáhùn. Mo tún kí ọ, mo tún dákẹ́. Ìyá rẹ ní bóyá o ń jẹun lọ́wọ́, ká ní sùúrù. A dúró títí iná ojú rẹ̀ fi kú. N kò bínú o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, kò sì yẹ kí àgbàlagbà máa dá a sọ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Pépà ní sùúrù jù ú lọ.

Ilé dára. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Òrùlé àgbẹ̀dẹ tí ìjì ṣí lọ́jọ́sí, mo ti kàn án padà. Báńkì tí o mú mi lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé sórí fóònù mi ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, wọ́n kí mi kú oríire ọjọ́ ìbí, wọ́n ní mo ṣe pàtàkì sí wọn. Aasiyah, ìyá tó bí mi kò rántí ọjọ́ yẹn rí. Mo di iṣu mẹ́ta, mo gbé e lọ fún wọn. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà bi mí pé ta ni mo gbé e wá fún, mo ní ẹni tó kọ̀wé ni. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n sì fún mi ní kàlẹ́ńdà. Èèyàn gidi ni wọ́n.

Fọ́ọ̀mù tí ibi iṣẹ́ yín fi ránṣẹ́ pé kí òbí rẹ kọ, mo ti fara balẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n bèèrè bóyá mo ti fọwọ́ kan ìbọn rí. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn, ó hàn pé wọn kò mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ tó ní ìwé àṣẹ àtúnṣe ìbọn ọdẹ ni wọ́n ń bi. Mo fi pépà mẹ́fà kún un, mo to gbogbo ìbọn tí mo ti tún ṣe láti ọdún mẹ́tàdínlógójì síbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àìsàn tó ń ṣe é, àti ohun tí mo fi wò ó sàn. Níbi tí wọ́n kọ sí pé ti ọ́fíìsì nìkan ni, mo kí wọn níbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, torí kò dára kéèyàn gba ibi iṣẹ́ ẹni kọjá láì kí ni. Fọ́tò tí wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, èyí tí Abigail fi sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn mi yà, Lèmọ́mù wa rí i. Ó wò ó pẹ́, ó bi mí pé ṣé Èkó ni mo lọ, àbí ilé wòlíì. Mo ní Èkó ni. Ó ní òun ò bèèrè mọ́.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tó gbé mi jókòó. Ìyá rẹ ní o pe òun ní Sátidé, o ń sunkún. Ó ní lẹ́yìn ọdún méjì tí o ti ń kọ́ iṣẹ́ yíyẹ ìbọn ọ̀daràn wò, Màdáámù Oyèníran ọ̀gá yín kó èèpo ọta síwájú rẹ, èyí tó máa ń bọ́ sílẹ̀ tí ìbọn bá ti dún. Ó kó o ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́wàá, pé kí o sọ èyí tó jáde láti inú ìbọn kan náà àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O gba mẹ́sàn-án. Èyí tó kù, o ní inú ìbọn kan náà ni wọ́n ti jáde, àṣé ìbọn méjì ni. Màdáámù ò pariwo, ó kàn ní èèyàn kan ni o rán lọ sẹ́wọ̀n yẹn. Ó ní kí o tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀, bí o bá tún ṣì í, kí o lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ìwọ wá ní o ò ní dúró de Ọjọ́bọ̀ kankan, pé wàá bá Abigail ta aṣọ ọmọdé ní Ikotun.

Kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ yín ò tíì yé mi tán. Nígbà tí mo wá sí Igando, o fi àwòrán ohun tí ẹ ń rí nínú ẹ̀rọ awò yín hàn mí, ìdí ọta roboto, ìlà dúdú kan la àárín rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. O ní èèpo méjì ni ẹ̀rọ náà gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. N kò jiyàn, torí n kò fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú Abigail, ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan tó bá ti là. Mo fi òjé díẹ̀ sínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, ẹ fi jó o pọ̀ kí ọ̀gá tó rí i. O tún ní ẹ máa ń yìnbọn sínú àgbá omi ńlá kí ọta lè rọra dúró, kí ẹ yọ ọ́ láìbàjẹ́. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló ń jẹ ẹja ibẹ̀. Ó tún ń sọ fáyé gbọ́ pé ọmọ òun kọ́ ìbọn fún ọdún méjì, kò mú ọ̀yà kan wálé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe, ọwọ́ náà ń bẹ lára rẹ̀. O rántí géètì tí mo dúró tì ní Gowon Estate, tí ò ń fà mí lápá pé onílé ń wò wá? Mo ní Zikrullah tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló ṣe é, torí mo rí bí fáìlì ṣe gba ẹ̀gbẹ́ irin náà lọ sápá òsì. A bi onílé, ó ní Dopemu ni wọ́n ti ṣe é. A débẹ̀, Zikrullah náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérí irin. O pàtẹ́wọ́, o ní Bàbá, iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn jàre. Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti ń wú, orí wíwú náà ló sì kó mi sí ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí.

Ní Sátidé tó ṣáájú èyí tí o pe ìyá rẹ, wọ́n bá àgbò Lèmọ́mù nínú oko ẹ̀gẹ́, ìbọn ti pa á. Àgbò tó ń sìn de Iléyá ni. Èèpo ọta kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn méjì péré ló ní ìbọn tó ń lo irú ọta bẹ́ẹ̀ lábà wa, Simeon ọkọ Mary, àti Abdulganiyy. Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Simeon, torí àgbò náà ti jẹ ẹ̀fọ́ Mary rí, òun àti Lèmọ́mù sì ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé èèpo náà tọ bàbá Aasiyah lọ, ṣebí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ ìbọn l'Ékòó. Àfi bí ẹni pé ìmọ̀ máa ń gòkè láti ara ọmọ wá sára bàbá.

Aasiyah, mo dé fìlà. Mo gbé awò ojú ìyá rẹ lé orí tèmi kí nǹkan lè tóbi. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú ìbọn tó máa ń gún ìdí ọta kó tó dún. Ìlà tó bá wà lójú abẹ́rẹ́ náà, á tẹ̀ sára ìdí ọta bí òǹtẹ̀. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, àlàfo tó wà láàárín ìkejì àti ìkẹta fẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Mo ní kí Simeon yin ìbọn tirẹ̀ sínú òkìtì yanrìn, mo gbé èèpo rẹ̀ wò. Ìlà mẹ́ta, àlàfo ìkejì fẹ̀. Mo wúkọ́, mo ní ìbọn Simeon ni.

Simeon ò jà. Ó kàn bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ojú mi kì í parọ́. Mary ni kò dákẹ́, ó ní alágbẹ̀dẹ tó ń fi awò ìyàwó rẹ̀ dájọ́ kó rọra ṣe, kó má lọ dá ìyàwó náà lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pe Simeon ní Apàgbò. Ó ń kí èèyàn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Èmi ń jẹun, mo ń yó.

Ọjọ́ kẹta láàárọ̀, mo fẹ́ fá ẹnu àdá kan, mo mú fáìlì mi pẹlẹbẹ, fáìlì ìfárin o, kì í ṣe fáìlì oníwèé tiyín. Ó ti pẹ́ tí eyín kan ti ká lára rẹ̀. Mo fá irin náà lẹ́ẹ̀kan, mo wo ojú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta, àlàfo ìkejì fẹ̀. Mo rántí pé ọjọ́ kan náà ni mo ṣe abẹ́rẹ́ ìbọn Simeon àti ti Abdulganiyy, lára ọ̀pá irin kan náà, fáìlì yìí náà ni mo sì fi parí ojú méjèèjì. Gbogbo bí mo ṣe ń pe Simeon ní ọ̀daràn, ìlà ọwọ́ ara mi ni mo ń kà.

Mo ní kí Abdulganiyy yin tirẹ̀. Ìlà mẹ́ta náà ló gbé jáde. Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dìde láàárín mọ́ṣáláṣí, mo ní mo ṣì í, ìlà náà wà lára ìbọn méjèèjì, n kò mọ ẹni tó pa àgbò. "N kò mọ̀" yẹn wúwo lẹ́nu mi ju òòlù lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ohun tí wọ́n ń fi ọdún méjì kọ́ l'Ékòó nìyẹn. Mo lọ sílé Simeon, mo ṣí fìlà lórí, mo bẹ òun àti Mary. Mary ní kí n wọlé wá jẹun, ṣùgbọ́n kí n dá awò padà fún ẹni tó ni ín.

Kí n tó padà délé, Abdulganiyy ti jókòó síwájú àgbẹ̀dẹ. Ó ní òun ni. Ó ní òun rí ohun tó ń mì nínú ẹ̀gẹ́, òun pè é ní ẹtu, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà bíi tèmi bá lè dúró níwájú èèyàn kó ní òun ò mọ̀, òun tí òun mọ̀ ò lè dákẹ́ mọ́. Ó ti fa àgbò tirẹ̀ lọ fún Lèmọ́mù.

Nígbà tó lọ tán, mo tún gbé èèpo inú oko náà wò. Kókó bíńtín kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹta, àmì ibi tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́rẹ́ ìbọn. Ó wà lára ti Abdulganiyy, kò sí lára ti Simeon. Kì í ṣe pé n kò rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rí i. Mo pè é ní ìdọ̀tí, torí ìlà mẹ́ta náà ti dùn mọ́ mi nínú.

Ọmọ mi, gba èyí lọ́wọ́ mi. Ìlà tí fáìlì fi sílẹ̀, ti ẹbí ni, gbogbo irin tó bá gba abẹ́ fáìlì náà kọjá ló máa ní in. Ohun tó bá ṣe irin lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ìyẹn ni tirẹ̀ nìkan. Gọ̀ǹbọ́ ojú mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi ò yàtọ̀, ẹni tó bá fi gọ̀ǹbọ́ nìkan dá mi mọ̀, ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbé wá bá mi. Àpá orúnkún mi ni kó wò. Bi Màdáámù bóyá àwọn ìbọn méjì tó ṣì ọ́ lọ́nà yẹn tẹ̀lé ara wọn jáde lábẹ́ irinṣẹ́ kan náà. Bí ọ̀kan ò bá sì dá ọ lójú ní Ọjọ́bọ̀, kọ ọ́ pé kò dá ọ lójú. Mo bínú sí Màdáámù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn. N kò bínú mọ́. Aṣọ ọmọdé dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣì í tó sì dùn ún títí tó fi sunkún, òun ni mo fẹ́ kó máa yẹ ìbọn wò fún wa.

Bí agbára bá wà, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí wa, kí n fi ra fáìlì tí eyín rẹ̀ pé, kí n sì ra awò ojú tèmi, torí ìyá rẹ ti ti tirẹ̀ mọ́ àpótí. Gba báńkì fi í ránṣẹ́, iṣu tuntun ti jáde. Ọlọ́run yóò la ojú rẹ sí ohun tó fara sin, yóò fún ọ ní ẹnu tó lè sọ òótọ́ bó tilẹ̀ korò, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní gba ọ̀nà ibi. Àmín.

Nínú páálí náà, èèpo ọta méjì wà níbẹ̀, ti Simeon àti ti Abdulganiyy, n kò kọ orúkọ sí wọn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ÈÈPO ỌTA LÁSÁN NI, kí ẹnikẹ́ni má bàa fòyà lọ́nà. Yẹ̀ wọ́n wò kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ọkùnrin tó gbé wọn wá, tó ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ yẹn, Simeon ni. Ó ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní àdúgbò Command, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n jẹ́ kí òun mú un wá fún ọ. Kí o tó tú páálí, gbójú sókè, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí o bá dé ìdí ẹ̀rọ awò ní Ọjọ́bọ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ rí, kó tó kan ìlà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Raheem alágbẹ̀dẹ.