Ìkẹ́dùn Lórí Kóòṣì Tahir Danjuma, Ẹni Tó Ń Bá Aṣọ́lé Gbé Bọ́ọ̀lù Jáde Nínú Àwọ̀n

Láti Ẹ̀ka Eré Ìdárayá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dárù Sálámù, Ìlọrin.

Sí Hájíà Raudah Danjuma, àwọn ọmọ, àti gbogbo ẹbí ní Agbo-ilé Danjuma, Gàmbàrí, Ìlọrin.

Hájíà wa, àsàlámù àlékúmù.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí kò tíì kúrò lọ́kàn wa ni àwa olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Eré Ìdárayá fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọkọ yín, Alhaji Tahir Danjuma, tó jẹ́ kóòṣì àwọn aṣọ́lé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa títí Ọlọ́hun fi pè é. A wà níbi jánásà, a sì wà níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gba ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá rí wa níbẹ̀ yóò rò pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ náà la ń padà sí. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó dùn wá.

Ọjà Ìpàtà ni Alhaji ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nígbà tó ń bá bàbá rẹ̀ tà nídìí iṣu. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé, ẹnìkan á gun òkè, á máa ju iṣu sílẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì máa hán an. Ẹni tó bá na ọwọ́ gan-n-gan, iṣu á kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bá iṣu lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni yóò gbé e délẹ̀ ní odindi. Nígbà tó wá di kóòṣì, kò sí aṣọ́lé tuntun tí kì í kọ́kọ́ mú lọ sí Ìpàtà kí ó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Iṣu tó bá kán, òun ló ń rà á, ilé yín ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Ẹ ó rántí ọdún tí Kọ́lápọ̀ wọlé. Ọwọ́ Kọ́lápọ̀ le nígbà náà bí igi àga, ẹ̀yin sì gún iyán títí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pé ṣé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí a lè fún ọmọ yìí ṣe ni. Kọ́lápọ̀ yẹn náà ló ṣọ́lé fún wa lọ́dún tí a gba ife àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí wọ́n gbé ife náà lé e lọ́wọ́, ó ní Hájíà tó gún iyán ni kí wọ́n gbé e lọ fún.

Alhaji náà ló lọ bá bàbá Saeedah, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan tó fẹ́ ṣọ́lé. Alfa ni bàbá náà, kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin òun ń fò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Alhaji kò bá a jiyàn. Ó kàn ń lọ kírun Ìṣáì lẹ́yìn rẹ̀ ní mọ́sáláásí wọn, á kí i, á sì máa lọ sílé rẹ̀, títí Alfa fi bi í léèrè ohun tó ń wá gan-an. Lónìí, Saeedah ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé, híjáàbù lórí gbogbo wọn, bàbá rẹ̀ ló sì máa ń gbé e wá sí pápá.

Ṣùgbọ́n ibi tí Alhaji máa ń dúró sí ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Kì í jókòó pẹ̀lú àwọn kóòṣì yòókù. Ẹ̀yìn àwọ̀n aṣọ́lé rẹ̀ ló máa ń wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ ojú ilé, á gbé búútà omi rẹ̀, á rìn lọ sí òdìkejì. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọ inú àwọ̀n, tí yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò gbé e, tí yóò sì jù ú sí aṣọ́lé lọ́wọ́. Àwọn rẹfirí bá a fà á títí ó fi sú wọn. Èsì kan náà ló ń fún wọn: "Wàláhì, ẹni tí ilé rẹ̀ jó, a kì í tún ní kó lọ gbá eérú." Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ fún aṣọ́lé nígbà tó bá ń ju bọ́ọ̀lù sí i, kò yí i padà rí: "Ìyẹn ti lọ. Èyí tó ń bọ̀ ni tìẹ."

A mọ̀ pé oríṣiríṣi ìtàn ti dé etí yín lórí ọjọ́ tó kú. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Abdulmumini, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn, ló wà lójú ilé. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ayò kan la sì fi ń ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù tí kò le ni wọ́n gbá. Ó bá a lọ́wọ́, ó yọ̀, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ yín wọ inú àwọ̀n bó ṣe máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti òpó, ó rọra jókòó bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Kò dìde mọ́. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Abdulmumini yẹn ló jáde kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀, a sì rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri, láti Post Office dé Ìpàtà, pé bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ Abdulmumini ló pa kóòṣì. Ẹnu ayé kò ṣeé pa dé. Dókítà sọ fún wa, ó sì sọ fún ẹ̀yin náà, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a jà tipẹ́ ni, àti pé ìbáà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ọjọ́ ti pé. Ṣùgbọ́n ti aráyé ni ọmọ náà gbà gbọ́. Ó ní ká ní òun di bọ́ọ̀lù náà mú ni, bàbá kì bá tí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e. Ó ti kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wá fún wa, ó ní òun ò ṣọ́lé mọ́. Lọ́jọ́ fídáù, ó tẹ̀ lé wa dé ìyànà Gàmbàrí, ó rí bàtà àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yín, ó sì padà. Ó ní ojú wo ni òun fẹ́ fi wo Hájíà.

A fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá sọ́dọ̀ yín, a sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ náà kò kéré. Ẹ ti ń bẹ ọkọ yín tipẹ́ pé kó fi pápá sílẹ̀, kó wá sinmi nílé. Ohun tó ń sọ fún yín náà ló ń sọ fún wa, pé kí ẹ jẹ́ kí Abdulmumini kọ́kọ́ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ná. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí kò fẹ́ rí ọmọ náà sójú, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ tọ́ sí. Bí ẹ bá sì ní kó má wá, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní dá yín lẹ́bi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pinnu pé owó ẹ̀kọ́ Nusaybah, àbíkẹ́yìn yín, di ti wa títí yóò fi parí. A ó máa wá kí yín, kì í ṣe lọ́jọ́ àdúrà nìkan. Bí àsìkò iṣu bá dé, iṣu yóò máa wá láti Ìpàtà, èyí tó kán àti èyí tí kò kán. Ní ti ẹ̀yìn àwọ̀n, a kò tíì fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Nínú eré tí a gbá kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù wọlé wa. Aṣọ́lé kejì wa dúró, ó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ gbé e fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá gbà fún wa, a ó mú Abdulmumini wá lọ́jọ́ àdúrà ogójì. Kò ní bèèrè nǹkan kan. A ti bá a sọ̀rọ̀ títí, bàbá Saeedah náà ti wàásù kádàrá fún un, kò wọ̀ ọ́ létí. Lójú tirẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ṣì wà nínú àwọ̀n, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè bá a gbé e jáde. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè sọ ọ̀rọ̀ ọkọ yín fún un kó sì gbà á. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, Hájíà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú forí jin Alhaji Tahir, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Kí Ó fún ẹ̀yin, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí ní súúrù tó tó ẹrù yìí gbé. Ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn wa ti lọ. Kí Ẹni tí kì í lọ dúró lẹ́yìn yín. Àmín.

Àbdùlkàrímù Màmúdù,
Olórí Ẹ̀ka Eré Ìdárayá,
lórúkọ gbogbo wa ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dárù Sálámù, Ìlọrin.