Símẹ́ǹtì tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mama Dorothy

Clinton, Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, 1996

Ọmọ Mama Dorothy kọ̀wé láti England. Mama ti kú, òkúta ilé oko wọn sì ń rún.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mama gbà mí sílé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí mò ń kàwé. Èmi ọmọ bíríkìlà, mo ní kí n fi ìmoore hàn. Mo ha ẹfun àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ ògiri náà pọ̀ kúrò láàárín àwọn òkúta, mo fi símẹ́ǹtì dí i. Ẹfun ń jẹ́ kí omi òjò ráyè jáde. Símẹ́ǹtì mi sé e mọ́ inú ògiri, omi náà ló sì ń jẹ òkúta.

Ọmọ rẹ̀ ní Mama mọ̀. Ó ti sọ fún wọn nípa tèmi pé, "Ẹ má sọ fún Délé."

Gbogbo Kérésìmesì ni Mama ń kọ ọ́ sínú káàdì pé ògiri mi dúró digbí. Èmi a sì kà á sókè fún àwọn ọmọ mi, orí mi a máa wú.