Màámi, Ràmọ́tà Ló Tún Okùn Àdúrà Yín Sín

Màámi ọ̀wọ́n,

Okùn àdúrà yín já mọ́ mi lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà, ilẹ̀kùn ọkọ̀ há a mọ́, mo fà á, ó sì já. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ eegun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbẹ́ ló yí lọ sábẹ́ àtẹ àwọn ọlọ́jà. Ìyá kan tó ń ta ata ló kọ́kọ́ pariwo: “Yéè! Àǹtí, tẹ̀sùbáà yín ti já o!” Wọ́n bá mi ṣà á. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ló kúnlẹ̀ sórí títì nítorí yín. Síbẹ̀, ẹyọ kan sọnù. A wá a títí, a kò rí i.

N kò bínú pé wọ́n pè é ní tẹ̀sùbáà. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ará ilé wa ní Oníyanrìn ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé tẹ̀sùbáà onígbàgbọ́ lẹ ń ṣe? Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, ẹ á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: pé bí àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ nílùú òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn, láyé tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, pé orí okùn náà kì í pàdé ìdí rẹ̀, òrùka lókè, wajawaja nísàlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ láàárín, àdúrà Bàbá Wa kan lórí ẹyọ kan. Ìyàwó àlùfáà òyìnbó tó kọ́ yín níṣẹ́ náà, nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Mo ti gbọ́ àlàyé yẹn débi pé mo lè kà á lójú oorun. Ṣùgbọ́n àlàyé nìkan lẹ fún mi. Iṣẹ́ náà gan-an, Ràmọ́tà lẹ kọ́.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta lónìí: mò ń jowú Ràmọ́tà. Mo jowú rẹ̀ nígbà tí ẹ wà láyé, ikú yín kò sì paná rẹ̀, ńṣe ló tún bu epo sí i. Èmi nìkan lẹ bí. Bàbá tirẹ̀ ni alápatà tó ń ta eegun fún yín ní Ọjà'ba. Ràmọ́tà gbé eegun wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ọmọ ìmàle ni. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, á gbé irin sílẹ̀, á lọ kírun, á padà wá máa lu ihò sí ìlẹ̀kẹ̀ Bàbá Wa. Bẹ́ẹ̀, tí èmi bá fọwọ́ kan eegun, ẹ á ní kí n lọ kàwé mi, pé ọwọ́ tí yóò tọ́jú aláìsàn kò gbọdọ̀ máa rùn. Mo lọ kàwé. Mo di nọ́ọ̀sì. Inú yín dùn. Ta ni ẹ wá fún ní àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kí ló wá dé, Màámi?

Mo búra pé Ràmọ́tà kò ní fọwọ́ kan okùn eléyìí. Ẹ ti sín in kí ó tó mọ ọ̀nà ilé wa; òun nìkan ló kù tí Ràmọ́tà kò ní ìpín nínú rẹ̀. Mo ní èmi ni n ó ṣe ẹyọ tó sọnù fúnra mi. Mo ra eegun ẹsẹ̀ màlúù, mo fi ọṣẹ sè é, gbogbo ilé ń rùn, ọkọ mi gbé àga rẹ̀ jáde síta. Mo fi ayùn gé e, mo fi sánpépà yún un títí ìka mi fi bó. Nígbà tó kan ihò lílu, ó là sí méjì. Mo mú òmíràn, ó tún là. Nígbà tí kò ku èyí tó lè di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, mo jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mo sì bú yín. Ẹ má bínú. Mo bú yín dáadáa.

Ó di dandan kí n lọ bá Ràmọ́tà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ṣí ohun tí mo dì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Háà! Ti Màámi rèé! Kí ló já a?”

Màámi kẹ̀? Ìyá tirẹ̀ wà láyé, mo kí i níwájú ìsọ̀ bí mo ṣe ń wọlé. Mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ń pè yín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ó wo àwọn eegun tí mo bàjẹ́. “Ẹ ò rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ tó lu ú ni, Àǹtí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lèèyàn sì ti ń lu ú, kó lọ pàdé láàárín.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù.

Ó mú ẹyọ kan nínú èyí tó ti ṣe sílẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín in. Ó ká ọwọ́ òsì sí ikùn. Ó fi eyín di orí okùn mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń kùn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ta kókó. Màámi, ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo sì fẹ́ kó má parí rẹ̀.

Ọwọ́ òsì tirẹ̀ pé, kò rọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ òsì yín ló tó wá kọ́ṣẹ́, eyín lẹ sì ń lò nígbà náà. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi mọ̀ yín nígbà tí ọwọ́ yín méjèèjì ń sáré lórí okùn tí ẹnu yín sì ń kọrin. N kò sọ fún un. N kò ní sọ fún un láéláé. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ tèmi nìkan.

Nígbà tí mo délé, mo dá ìlẹ̀kẹ̀ tuntun náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó funfun, àwọn yòókù ti pọ́n nítorí ìka yín. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, n kò lè kọjá “ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe”. Fọ́tò yín wà ní pálọ̀, ẹ wé gèlè, ẹ jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n kì í mira. Bí ẹ ṣe ń ṣẹnu, bí ẹ ṣe ń tẹ ọrùn, gbogbo rẹ̀ wà lára ọmọ alápatà kan ní Ọjà'ba. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń fi í sílẹ̀ fún un? Ṣé ẹ tiẹ̀ ro tèmi díẹ̀?

Inú mi kò tíì yọ́ sí i, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, mo mú abẹ, mo gé okùn náà fúnra mi. Tí mo bá ti kọ lẹ́tà yìí tán, Ọjà'ba ni mò ń lọ, kí n lè tún rí yín. N ó sọ fún Ràmọ́tà pé ó tún já.

Èmi ni,
ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ bí.