Fídíò Tí Wọ́n Tẹ̀ Sórí Ìwé

Ìyàwó mi kékeré, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ tí o tìtorí rẹ̀ já mi jù sílẹ̀, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, eyín mẹ́rin tó ṣẹ́kù ṣì ń jẹun. Òrùlé ò jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyálé rẹ, ìyá àgbà, ni mo fẹ́ sọ. Apá òsì tí rọpárọsẹ̀ mú kò tíì gbéra. Ìkànnì tó ní fídíò eré ìdárayá apá tí o fi ránṣẹ́ kò ṣí, nẹ́tíwọ̀kì ò dé ilé wa. Mo bá gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé nígboro, mo ní kó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Níbi tí fídíò wà, àpótí dúdú ló jáde. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, mo ń fìka tẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n á rìn.

Ìyálé rẹ ní, "Bàbá wọn, èwo nínú wa ló ń ṣe eré ìdárayá?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ò dé ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu.

Ọgbọ́n mi ti tán. Jọ̀ọ́, kó fídíò náà sínú mẹ́mórì káàdì, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Dókítà ní ká má jẹ́ kí eré ìdárayá náà pẹ́. Ọwọ́ tìrẹ ò ní rọ láé.

Títí káàdì á fi dé, mo kàn ń di ọwọ́ náà mú ni. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọkọ rẹ arúgbó.